Igi tàbí ike: bí a ṣe ń yan ìdí ìbọn ráífù ọlọ́ta kan, tí a sì ń dè é mọ́ irin

Ìbọn ráífù ọlọ́ta kan ni èyí tí ń gba ọta kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan. Bí ọdẹ bá ti yìn ín, àfi kí ó ṣí i, kí ó yọ ìkarahun ọta tó ti jó, kí ó tó lè ki òmíràn sí i. Nítorí pé kò sí ọta kejì tí yóò tètè tẹ̀lé ti àkọ́kọ́, ohun tí ẹni tó ní irú ìbọn bẹ́ẹ̀ ń wá jù ni pé kí ọta àkọ́kọ́, èyí tó jáde nígbà tí ọ̀pá ìbọn ṣì tutù, máa ba ibi kan náà lónìí, lọ́la, àti nígbà tí ojú ọjọ́ bá yí padà. Àwọn ènìyàn a máa jiyàn lórí igi àti ike bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ẹwà àti ìwúwo nìkan ni, ṣùgbọ́n lórí ìbọn ọlọ́ta kan, oríkèé méjì ni ọ̀rọ̀ náà dá lé: ibi tí ìdí ìbọn ti pàdé irin lẹ́yìn, àti ibi tí ìdìmú iwájú ti pàdé ọ̀pá. Igi tó jókòó dáadáa sí oríkèé méjèèjì yìí yóò ṣe ju ike tó ń mì lọ, bẹ́ẹ̀ sì ni ike tí kò wọ́n, tí a fara balẹ̀ tún ṣe, lè ṣe ju igi olówó iyebíye lọ.

Nínú ìtọ́sọ́nà yìí, ìdí ìbọn ni apá ẹ̀yìn tí a ń gbé ti èjìká. Ìdìmú iwájú ni apá tí ọwọ́ kejì ń gbé lábẹ́ ọ̀pá. Ọrùn sì ni ibi tó tín-ín-rín tí ọwọ́ tó ń fa tírígà ń dì mú. Nígbà tí mo bá ń sọ̀rọ̀ oríkèé, irin ni ara ìbọn tó wà láàárín, níbi tí tírígà wà.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ mọ bí ìbọn yín ṣe pín

Ẹ ṣí ìbọn náà, kí ẹ rí i pé kò sí ọta nínú rẹ̀, kí ẹ tó gbé e sórí tábìlì láti wò ó láti ẹ̀gbẹ́. Bí irin bá wà láàárín tó pín igi tàbí ike rẹ̀ sí méjì, apá ẹ̀yìn lọ́tọ̀, apá iwájú lọ́tọ̀, ẹ̀yin gan-an ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó ń ṣẹ́ láàárín (tí ọ̀pá wọn ń tẹ̀ wálẹ̀ láti ṣí ẹ̀yìn rẹ̀) ṣe rí, irú bíi Encore ti Thompson/Center, bẹ́ẹ̀ náà sì ni àwọn tí búlọ́ọ̀kù irin ń sọ̀ kalẹ̀ nínú wọn nígbà tí a bá fa ọwọ́ abẹ́ tírígà wálẹ̀. Irú ìkejì yìí ti pẹ́ láyé: John Farquharson, ọmọ Scotland, gba ìwé-àṣẹ ìhùmọ̀ (patent) fún tirẹ̀ ní 1872, John Browning gba ti tirẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1879, èyí tí ilé-iṣẹ́ ìbọn Winchester rà tí wọ́n sì sọ di Model 1885, Ruger No. 1 tó jáde ní 1967 sì fi ìrísí jọ ti Farquharson.

Ọ̀nà tí a fi dè wọ́n ni kí ẹ kíyè sí. Nínú ọ̀pọ̀ àwọn tòde òní, bóòtì gígùn kan ló gba inú ìdí ìbọn kọjá láti ẹ̀yìn tó sì wọ inú irin, nígbà tí ìdìmú iwájú ń fi sukúrù kan tàbí méjì so mọ́ ọ̀pá fúnra rẹ̀, tàbí mọ́ irin kékeré kan tó yọ síwájú lábẹ́ ọ̀pá. Nínú àwọn ti àtijọ́, ahọ́n irin méjì, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, ló máa ń há igi ọrùn sáàárín. Bí ìbọn ọlọ́ta kan tiyín bá ní igi tó jẹ́ odindi láti ẹ̀yìn dé iwájú, ohun tí mo máa sọ nípa ọ̀rinrin àti ìwúwo kàn yín, ṣùgbọ́n ti oríkèé kò rí bákan náà.

Kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ bèèrè ohun tí òfin ilẹ̀ yín sọ. Àwọn ibì kan wà tí òfin ní ohun tó sọ nípa ìdí ìbọn tí ń ká àti èyí tó ní ihò àtàǹpàkò.

Ìgbésẹ̀ kejì: Bí igi ni ẹ fẹ́, ẹ kọ́kọ́ ṣírò ọ̀rinrin

Igi tí a ti gé, tí a ti fá, tí a sì ti kùn, kò ṣíwọ́ láti máa mu omi inú afẹ́fẹ́ kí ó sì máa tú u jáde. Bí ilẹ̀kùn onígi ṣe ń há mọ́ férémù nígbà òjò, tó sì ń tú sílẹ̀ nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, bẹ́ẹ̀ gan-an ni ìdìmú iwájú ń ṣe mọ́ ọ̀pá ìbọn. Igi kì í fi bẹ́ẹ̀ gùn tàbí kúrú ní ọ̀nà tí iṣan rẹ̀ gbà lọ. Ìbú rẹ̀ ni ìyọnu wà. Walnut dúdú ti Amẹ́ríkà, láti ìgbà tó wà ní tútù títí yóò fi gbẹ pátápátá, ń súnkì ní nǹkan bí ìdá 7.8 nínú ọgọ́rùn-ún ní ọ̀nà tó tẹ̀lé òrùka ọdún rẹ̀ (òrùka tó ń hàn nínú igi tí a gé), àti ìdá 5.5 ní ọ̀nà tó ti inú òrùka náà lọ sí òde. Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ di ohun tí ojú lè rí: bí ìdìmú iwájú bá fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 4, tí ọ̀rinrin inú igi náà sì gòkè láti ìdá 8 sí ìdá 12 nínú ọgọ́rùn-ún, fífẹ̀ rẹ̀ lè fi nǹkan bí mílímítà 0.4 lé sí i. Pépà ìtẹ̀wé mẹ́rin tí a tò léra ló nípọn tó bẹ́ẹ̀. Igi tí kò fara kan ọ̀pá rárá nígbà tó gbẹ lè wá máa tì í láti ẹ̀gbẹ́ kan nígbà tí òjò bá ti rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ọta náà yóò sì ṣí kúrò níbi tó máa ń bà, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan awò orí ìbọn.

Nítorí náà, ẹ wo ibi tí ẹ ti ń ṣọdẹ àti ibi tí ìbọn ń sùn. Bí ojú ọjọ́ ibẹ̀ kì í bá yí padà púpọ̀, tàbí tí ẹ jẹ́ ẹni tó ń nu ìbọn rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tó bá dé láti inú ìrì, igi kò ní já yín kulẹ̀. Bí ẹ bá ń yan igi, ẹ tẹ́ ojú mọ́ ọrùn rẹ̀ ju ibòmíràn lọ. Iṣan igi gbọ́dọ̀ gba inú ọrùn kọjá tààrà. Iṣan tó dábùú ọrùn ni igi máa ń tẹ̀lé ṣẹ́, bó ti wù kí àwọ̀ rẹ̀ dára tó. Ọnà àti ìlà tó ń ká, ẹ jẹ́ kí wọ́n wà lẹ́yìn pátápátá, níbi tí ìdí ìbọn ti nípọn. Beech àti birch ni a máa ń bá lára àwọn ìbọn tí owó wọn kò pọ̀, wọn kì í sì ṣe igi burúkú. Ohun tí wọn kò ní ni ẹwà walnut. Irú kan tún wà tí a fi pẹlẹbẹ igi tó tín-ín-rín lẹ̀ pọ̀ pẹ̀lú gọ́ọ̀mù líle: kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà nínú ọ̀rinrin, ṣùgbọ́n ó máa ń wúwo ju igi lásán lọ.

Àǹfààní kan wà tí àwọn tó ń polówó ike kì í mẹ́nu kàn. Bí igi bá tẹ̀ wọnú nítorí pé ó kọlu òkúta, ẹ fi omi rẹ aṣọ òwú, ẹ fún un, ẹ tẹ́ ẹ lé ibẹ̀, kí ẹ sì fi etí áyọ́ọ̀nù gbígbóná tẹ̀ ẹ́ fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú àáyá. Oru omi náà yóò wọ inú iṣan tó tẹ̀, yóò sì gbé e sókè. Ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta bẹ́ẹ̀, ojú ibẹ̀ yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ padà bọ̀ sípò. Ṣùgbọ́n ibi tí iṣan ti já kò ní padà, bẹ́ẹ̀ ni ike tó bá ti ha ti ha nìyẹn.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Bí ike ni ẹ fẹ́, ẹ mọ irú èyí tó jẹ́

Ní 1959 ni ilé-iṣẹ́ ìbọn Remington gbé Nylon 66 jáde, tí ìdí rẹ̀ jẹ́ ike Zytel láti ọ̀dọ̀ DuPont. Ìbọn yẹn kì í ṣe ọlọ́ta kan, ṣùgbọ́n ó jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ike lè gba ìyà. Lónìí, irú méjì ló wà ní pàtàkì. Èyí tó pọ̀ jù ni ike tí a yọ́ tí a sì dà sínú mọ́ọ̀dù, tí inú rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ ihò. Owó rẹ̀ kò ga, òjò kò sì ká a lára. Ìkejì ni fiberglass tàbí carbon fibre (òwú gíláàsì tàbí ti kábọ́ọ̀nù) tí a fi ọwọ́ tẹ́ sórí ara wọn pẹ̀lú epoxy, gọ́ọ̀mù kan tó máa ń le gan-an. Ó le, ó fúyẹ́, ó sì wọ́n. Ti ìkejì yìí kò pọ̀ fún àwọn ìbọn alápá méjì, nítorí náà irú àkọ́kọ́ ni ọ̀pọ̀ yín máa bá pàdé.

Ẹ̀rí kan wà tí ẹ lè ṣe níwájú ẹni tó ń tà á. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti ṣí ìbọn náà tí ẹ sì fi ojú àti ìka rí i pé kò sí ọta nínú rẹ̀, ẹ fi ọwọ́ kan di ọ̀pá àti orí ìdìmú iwájú mú pọ̀, kí ẹ sì fún wọn. Bí ike náà bá tẹ̀ títí tó fi kan ọ̀pá, yóò ṣe bẹ́ẹ̀ náà nígbà tí ẹ bá gbé e lé igi tàbí tí ẹ fa okùn rẹ̀ le, ẹ ti fi owó ra ìṣòro tí ẹ ń sá fún lára igi nìyẹn.

Oòrùn ń rọ àwọn ike kan. Ẹ má fi ìbọn sílẹ̀ nínú ọkọ̀ tí a tì pa nínú oòrùn, pàápàá bí ohun wíwúwo bá wà lórí rẹ̀. Oògùn ẹ̀fọn tó ní DEET nínú a máa bó oríṣiríṣi ike, a sì máa ba fánííṣì igi jẹ́ pẹ̀lú, nítorí náà ẹni tó bá fi pa ara kí ó nu àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ kí ó tó gbé ìbọn. Ihò inú ìdí ìbọn a máa dún bí ẹ̀ka igi bá gbá a, a óò sì tún èyí ṣe níwájú. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ gbé kúrò lọ́kàn pátápátá ni pé ike ń gba irin lọ́wọ́ ìpatà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Omi òjò yóò sá sábẹ́ ìdìmú iwájú oníke, yóò jókòó sáàárín rẹ̀ àti ọ̀pá, ọdẹ tó ti fọkàn balẹ̀ pé ike kì í bàjẹ́ kò sì ní tú u wò títí ìpatà yóò fi jẹ irin náà.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ wọn ìwúwo àti gígùn

Ìbọn fífúyẹ́ dára fún ẹsẹ̀, kò dára fún èjìká. Bí ohun gbogbo mìíràn bá dọ́gba, ipá tí ìbọn fi ń ti èjìká ń pọ̀ sí i bí ìwúwo rẹ̀ ṣe ń dín kù: bí ẹ bá yọ ìdí onígi tí ìbọn sì sọ̀ kalẹ̀ láti kílógíráàmù 3.2 sí 2.8, ọta kan náà yóò fi nǹkan bí ìdá 14 nínú ọgọ́rùn-ún le sí i lórí èjìká. Fún ọta kékeré, èyí kò jẹ́ nǹkan. Fún ọta ńlá, ó tó láti sọ ènìyàn di ẹni tó ń di ojú kí ìbọn tó dún. Ẹ má sì gbà láìwọ̀n ọ́n pé ike fúyẹ́ ju igi lọ, nítorí àwọn kan tí a dà sínú mọ́ọ̀dù wúwo tó walnut tàbí jù ú lọ.

Ní ti gígùn, láti tírígà dé ẹ̀yìn ìdí ìbọn máa ń jẹ́ nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 34 sí 35 fún àgbàlagbà. Ẹni tó ń wọ aṣọ nípọn ń fẹ́ kí ó kúrú díẹ̀. Ẹ di ojú, ẹ gbé ìbọn òfo náà ti èjìká bó ṣe rọrùn, kí ẹ wá la ojú: bí ojú yín kò bá bọ́ sí àárín awò láìjẹ́ pé ẹ gbé orí sókè, ibi tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ń sinmi lé ti rẹlẹ̀ jù.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ tú èyí tó wà níbẹ̀

Ẹ kó gbogbo ọta kúrò nínú yàrá tí ẹ ti fẹ́ ṣiṣẹ́. Ẹ ṣí ìbọn, ẹ wo inú ilé ọta, ẹ fi ìka kékeré kàn án, kí ẹ tó mú irinṣẹ́ kankan. Ẹ tú sukúrù ìdìmú iwájú ní àkọ́kọ́. Lára àwọn ìbọn tó ń ṣẹ́, òun ló sábà máa ń há ọ̀pá mọ́ ara ìbọn, nítorí náà ẹ fi ọwọ́ gbé ọ̀pá náà kí ó má baà já bọ́. Ẹnu sukudíráfà gbọ́dọ̀ kún ojú ihò sukúrù náà ní fífẹ̀ àti ní nínípọn. Èyí tó kéré a máa yọ̀, a sì máa fi àpá sí ara irin tí kò ní kúrò mọ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ yọ rọ́bà tàbí pákó ẹ̀yìn ìdí ìbọn, èyí tí sukúrù méjì sábà máa ń dì mú. Ẹ tan iná wo inú ihò tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ẹ óò rí orí bóòtì nísàlẹ̀. Ẹ fi sukudíráfà gígùn tàbí sọ́kẹ́ẹ̀tì tó ní ọ̀pá ìfàgùn tú u, kí ẹ sì fa ìdí ìbọn sẹ́yìn gbọọrọ. Ẹ má yí i sí ọ̀tún àti òsì láti fi tú u, nítorí etí igi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin tín-ín-rín, ó sì rọrùn láti fọ́. Ẹ má tú tírígà àti àwọn irin inú rẹ̀. Iṣẹ́ ẹlòmíràn nìyẹn.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ẹ jókòó ti oríkèé ẹ̀yìn

Ibí yìí ni gbogbo ipá tí ọta fi ń ti ìbọn sẹ́yìn ti ń gba inú irin bọ́ sínú igi. Bí igi bá fara kan irin ní ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo, ẹ̀gbẹ́ yẹn ni yóò máa jìyà títí yóò fi là. Ẹ po dúdú èéfín fìtílà díẹ̀ pọ̀ mọ́ òróró, ẹ fi ìka pa á fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sí ojú irin tó ń kan igi, ẹ ti ìdí ìbọn wọlé, ẹ fún bóòtì díẹ̀, kí ẹ sì tún yọ ọ́. Àmì dúdú lójú igi yóò fi hàn yín ibi tó ń fara kàn. Bí dúdú náà bá wà yíká ojú rẹ̀, ó ti dára. Bí ó bá jẹ́ ibi kékeré kan, ẹ fi ọ̀bẹ mímú fá dúdú náà nìkan kúrò, díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì tún un dánwò, títí yóò fi tàn kálẹ̀. Ibì kan wà tí a kò fẹ́ kí dúdú hàn rárá: ẹ̀yìn ṣóńṣó ahọ́n irin òkè, nítorí pé ó ń ṣiṣẹ́ bí ẹ̀là, a sì gbọ́dọ̀ fi àlàfo bíi ìdajì mílímítà sílẹ̀ níbẹ̀.

Bí igi tàbí ike náà bá ti tú jù, ẹ fi epoxy dí àyè náà. Ẹ fi ìda pa gbogbo irin àti bóòtì ní ẹ̀ẹ̀mejì, ẹ dí gbogbo ihò tí ẹ kò fẹ́ kí epoxy wọ̀, kí ẹ tó lò ó. Ẹni tó bá fo ìda yìí yóò fi òòlù tú ìbọn rẹ̀. Ike ń gba èyí pẹ̀lú, àmọ́ kí ẹ kọ́kọ́ fi sáńpépà ha ojú rẹ̀, nítorí epoxy kì í di ike tó ń dán mú. Ní fífún bóòtì, igi fẹ́ kí ó le, ṣùgbọ́n ẹ dúró lójú ẹsẹ̀ tó bá ti ń ké.

Ìgbésẹ̀ keje: Oríkèé iwájú

Bí ẹ kò bá ní owó tàbí àkókò fún ju ohun kan lọ, ibí ni kí ẹ ná an sí. Lórí ọ̀pọ̀ ìbọn ọlọ́ta kan, ọ̀pá ni ìdìmú iwájú so mọ́, nítorí náà kò ṣeé ṣe láti yà wọ́n sọ́tọ̀ pátápátá. Ohun tí a ń wá ni kí ó máa fara kàn án níbi kan náà, pẹ̀lú ipá kan náà, ní gbogbo ìgbà. Ẹ gé pépà tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ tì í bọ àárín ọ̀pá àti ìdìmú láti iwájú, kí ẹ sì fà á lọ sẹ́yìn. Ibi tó bá ti há ni ẹ óò fi kálàmù sàmì sí, ẹ óò sì fi sáńpépà tí a wé mọ́ igi roboto fá ibẹ̀ títí pépà méjì yóò fi máa kọjá, àfi ní ibi tí sukúrù wà.

Ní ibi sukúrù náà, òrùka rọ́bà kékeré kan tí a fi sáàárín ìdìmú àti ibi ìdè lára ọ̀pá jẹ́ àtúnṣe tí àwọn tó ní ìbọn tó ń ṣẹ́ láàárín ti ń lò tipẹ́. Ó ń gbé ìdìmú kúrò lára ọ̀pá díẹ̀, ó sì ń jẹ́ kí ipá sukúrù dọ́gba. Kò sí òfin tó sọ pé apá méjèèjì gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun kan náà: ìdìmú iwájú oníke pẹ̀lú ìdí onígi kò fi bẹ́ẹ̀ dùn ún wò, ṣùgbọ́n fún ọdẹ tó wà nínú òjò, èmi yóò yàn án láìronú lẹ́ẹ̀mejì.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Ẹ dí inú rẹ̀

Igi ń mu omi jù lọ láti ibi tí a ti gé iṣan rẹ̀, ibẹ̀ gan-an sì ni a kì í kùn: abẹ́ rọ́bà ẹ̀yìn, inú ihò bóòtì, ojú tó kan irin, inú kòtò ìdìmú iwájú. Òróró linseed sísè dára lójú òde, àwọ̀ rẹ̀ kò sì ní àfiwé, ṣùgbọ́n kì í dá omi dúró tó polyurethane, irú fánííṣì kan. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ fi polyurethane kun gbogbo ibi tó fara sin, kí ẹ sì fi òróró pa òde, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ pa á wọlé títí yóò fi gbóná, kí ẹ sì jẹ́ kí ó gbẹ di ọjọ́ kejì kí ẹ tó tún pa á. Àkísà tí ẹ bá fi nu òróró náà, ẹ má ká a jọ sínú apẹ̀rẹ̀: ó lè gbóná fúnra rẹ̀ títí yóò fi gbiná. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ ní ìta kí ó gbẹ, tàbí kí ẹ rì í sínú omi nínú garawa onírin.

Fún ike, ẹ gé fóòmù, ẹ tì í sínú ihò ìdí ìbọn, kí ẹ fi àyè sílẹ̀ fún orí bóòtì. Ariwo yóò dín kù. Ẹ má lo fóòmù tí ń wú láti inú agolo láìṣọ́ra. A máa wú títí yóò fi dí ọ̀nà bóòtì.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: Ẹ yìn ín wò

Ẹ lọ síbi tí òfin gbà kí a ti yìnbọn, ẹ dí etí, ẹ wọ awò ìdáàbòbò ojú. Ẹ gbé ìdìmú iwájú lé àpò iyanrìn, ní tòsí ibi tí irin bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ọ̀pá, kí ẹ sì fi téèpù sàmì sí ibẹ̀ kí ó lè jẹ́ ibi kan náà ni ẹ óò máa gbé lé. Ẹ yin ọta kan, ẹ ṣí ìbọn, ẹ dúró títí ọ̀pá yóò fi tutù lọ́wọ́, kí ẹ tó yin ìkejì. Mẹ́ta bẹ́ẹ̀ ló máa sọ òótọ́ ju mẹ́wàá tí a yìn ní kánmọ́kánmọ́. Lẹ́yìn náà ẹ sún àpò iyanrìn síwájú, sí orí ìdìmú, kí ẹ tún yin mẹ́ta. Bí ihò wọn bá gòkè tàbí sọ̀ kalẹ̀ kúrò lára ti àkọ́kọ́, ìdìmú náà ṣì ń ti ọ̀pá, ẹ padà sí ìgbésẹ̀ keje.

Bí ó bá jẹ́ igi, ẹ tún ẹ̀rí yìí ṣe nígbà tí òjò bá ti mú dáadáa, kí ẹ sì kọ ibi tí ọta bà sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ìgbà ọ̀gbẹlẹ̀. Yálà igi ni o tàbí ike ni, lẹ́yìn nǹkan bí ọta 20 àkọ́kọ́, ẹ ṣí rọ́bà ẹ̀yìn, kí ẹ tún bóòtì fún, nítorí ohun tuntun a máa jókòó díẹ̀. Sukúrù iwájú ní tirẹ̀, ẹ fi ọ̀dà èékánná fa ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan láti orí rẹ̀ bọ́ sí ara ìdìmú. Bí ìlà náà bá ti já sí méjì, sukúrù ti yí.